Yàrá Mọ́kànlá Tí Wọ́n Pè Ní Ilẹ̀ Òfìfo

Wọ́n ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé Gómìnà tó wó ilé wa, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba nínú rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ fún yín. Láàárọ̀ Jímọ̀, kí oòrùn tó yọ lókè òrùlé páànù Ìsàlẹ̀ Èkó, òórùn àkàrà màmá mi á ti gba gbogbo agboolé. Òróró á máa ta, èéfín á máa ta wá lójú, èmi á sì jókòó sórí àpótí pẹ̀lú abọ́ funfun tó ní òdòdó pupa létí. Sàárà ni. Gbogbo Jímọ̀ ni màmá mi ń ṣe é nítorí ìyá wọn, tí a sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga nínú àgbàlá wa, níbi tí ọmọ kankan kò gbọdọ̀ ti fo okùn.

Èmi ni mo máa ń gbé e kiri. Yàrá mọ́kànlá, àkàrà mẹ́ta mẹ́ta. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ Àfáà Búráímọ̀ tó dàgbà jù. Màá gba iwájú kànga, màá parí rẹ̀ sí yàrá Bàbá Télọ̀ lẹ́nu géètì, ẹni tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kì í sinmi. Kò sí pé mo fẹ́ràn ẹnì kan tàbí n kò fẹ́ràn rẹ̀. Màmá mi a máa sọ pé, "Ẹni tí o bá fò nínú sàárà, o ti sin ín láàyè."

Mo fo ẹnì kan rí. Ìyá Kúdí, yàrá kẹfà, sọ létí kànga, lójú àwọn ẹgbẹ́ mi, pé orí mi rí bí ìkòkò ìrẹsì ìnáwó. Ó dùn mí wọra. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo kọjá ẹnu ọ̀nà wọn bí ẹni tí kò rí i, mo sì jẹ àkàrà wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Òróró ẹnu mi ló tú mi fó. Màmá mi ò nà mí. Wọ́n din mẹ́ta mìíràn, wọ́n fà mí lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà yẹn, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n wí báyìí: "Ìyá Kúdí, ẹ wà nílé, mo mọ̀ pé ẹ wà nílé, mo fò yín."

Ìyá Kúdí wò mí títí, wọ́n bu àkàrà kan jẹ. "Mo wà nílé," ni wọ́n wí. "Olórí ìkòkò, dìde."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí katapílà dé. Ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n ní àwọn lẹ̀, àdúgbò kejì ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí, lára ògiri ilé tí wọn kò wó. Ọjọ́ mẹ́ta ló fún wa. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dé. Wọ́n ní àwọn á fún wa ní ilé mìíràn lókè odò. A ò rí i títí dòní. Àfáà Búráímọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé òkú ìyá àgbà kúrò létí kànga. Ẹni tó ń wa katapílà fẹ́ gbà, ọ̀gá rẹ̀ ní òun ò láṣẹ. Títì tí ẹ ń gbà lọ sí Ọjà Balógun lónìí, orí sàréè ìyá ìyá mi ló gbà kọjá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, torí n kì í ṣe ẹlẹ́rìí èké. Gómìnà kan náà kọ́ ilé ìwé sẹ́yìn Ìdúmọ̀tà, nítòsí ibi tí a sá lọ háyà yàrá kan. Bẹ́ńṣì tuntun, ìwé ọ̀fẹ́, òórùn ọ̀dà lára ògiri. Lọ́jọ́ tó wá ṣí i, èmi tí ilé mi ti di títì, èmi náà ju àsíá sí i. Mo délé tẹ̀rù-tẹ̀rù. Màmá mi ń fi ìwé ìròyìn àtijọ́ bo àwọn ìwé mi kí wọ́n má baà ya. "Kàwé rẹ," ni wọ́n wí. "Ẹni tó fún ọ níwèé kò bẹ̀ ọ́ pé kí o má kà á." Mo kà á dé yunifásítì. Ìwé tó fún mi ni mo fi ń bá a ṣẹjọ́ níhìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún yìí, wọ́n pe àwa ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó sí gbọ̀ngàn kan láti wá wo fíìmù náà. Màmá mi ti lọ bá ìyá wọn. Ìyá Kúdí ni mo dì lọ́wọ́ mú wọlé, arúgbó kùjọ́kùjọ́. Fíìmù náà dáa títí ó fi dé ibi títì. Ohùn kan ní, "Ilẹ̀ òfìfo ni, àkìtàn lásán, kí Gómìnà tó sọ ọ́ dọ̀nà." Àwòrán rẹ̀ yọ: ó dúró níwájú katapílà, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ wà lórí okùn. Mo mọ aṣọ yẹn. Ìró màmá mi ni, tí wọ́n fi aṣọ funfun lẹ̀ níbi tí áyọ́ọ̀nù ti jó o.

Mo dìde. "Ẹ dá a dúró. Ta ló ń sá aṣọ sórí ilẹ̀ òfìfo?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe fíìmù náà rọra dáhùn, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ ná. Ìbéèrè ń bọ̀."

Ẹnì kan kígbe látẹ̀yìn, "Bọ̀dá, dá a dúró jàre! Àbí aṣọ iwin ni?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ó dá a dúró. N kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Abọ́ sàárà nìkan ló wà lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. "Yàrá kìíní, Àfáà Búráímọ̀." Ohùn ọkùnrin kan dáhùn nínú òkùnkùn: "Bàbá mi ni!" Yàrá kejì, yàrá kẹta, ọmọ ń dìde, ọmọ ọmọ ń dìde. Mo dé yàrá kẹfà, mo yíjú sí arúgbó ẹ̀gbẹ́ mi.

"Ìyá Kúdí," ni mo wí.

Wọ́n fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Mo wà nílé! Olórí ìkòkò, máa bá a lọ!"

Kò sí yàrá tó sọnù. Nígbà tí mo dé ẹnu géètì, ọmọbìnrin kan fò sókè: "Bàbá Télọ̀, bàbá bàbá mi! Ẹ̀rọ wọn ṣì ń ránṣọ nílé wa!" Àtẹ́wọ́ sọ, bí òjò lórí páànù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò ṣagídí. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó gbé kámẹ́rà wá sílé Ìyá Kúdí, a sì fún un ní àkàrà mẹ́ta. Ó yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Fíìmù tí wọ́n ń wò báyìí ní ilé ìwé nínú, ó ní títì, ó ní yàrá mọ́kànlá. Gómìnà ò kéré sí i. Òótọ́ ló pọ̀ sí i. A borí.

Ṣùgbọ́n ó fi ibi tó ti rí "ilẹ̀ òfìfo" hàn mí. Ìwé ìjọba ni, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ìwé yẹn wà lọ́wọ́ yín ni mò ń bi. Ta ló kọ ọ́? Ta ló gbé ìkìlọ̀ wa lẹ̀ mọ́ ilé onílé? Ilé òkè odò, ta lẹ fún? Ta ló láṣẹ lórí sàréè ìyá ìyá mi lọ́jọ́ náà, tí ọ̀gá yẹn ní òun ò ní in?

Ọmọdé ni mí nígbà tí mo fo yàrá kan, wọ́n sì fà mí padà lọ kúnlẹ̀. Ẹ̀yin àgbà fo mọ́kànlá. Mo ti dàgbà tó ẹni tó ń fa èèyàn lọ́wọ́ báyìí. Ẹ wá kanlẹ̀kùn, kí ẹ fẹnu ara yín wí i. Ẹ tètè o. Ìyá Kúdí ṣì wà nílé.