Àtẹ̀gùn Jíìpù Tuntun

Àwọn tó ń ta ọkọ̀ ló ránṣẹ́ pe Bàbá Ẹrẹ̀ pé kó wá wo jíìpù tuntun wọn kí ayé tó rí i. Awakọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹrẹ̀ tó dá a dúró rí, ìdí tó fi ń jẹ́ Bàbá Ẹrẹ̀ nìyẹn.

Ó wọlé bí ẹni tó fẹ́ bá ọkọ̀ jà. Ó ta táyà nípàá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó yínmú. "Ọkọ̀ ìyàwó lèyí. Tó bá rí ẹrẹ̀, ẹkún ló máa sun."

Ọmọbìnrin tó ń tajà rẹ́rìn-ín, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ni àtẹ̀gùn kan téèyàn lè tẹ̀ wọ ọkọ̀ bá rọra yọ jáde lábẹ́ rẹ̀.

"Ta ló tẹ bọ́tìnnì rẹ̀?" Bàbá bèèrè.

"Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́, Bàbá. Tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, òun fúnra rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀."

Bàbá ti ilẹ̀kùn, ó tún un ṣí. Àtẹ̀gùn tún sọ̀ kalẹ̀.

Jíìpù tí Bàbá fúnra rẹ̀ ń wà láyé ọjọ́un náà ga. Ìyàwó rẹ̀, tí orúnkún ń dà láàmú, á di ilẹ̀kùn mú, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá á jókòó sídìí ọkọ̀, á máa tẹ fèrè: "Ṣé ibí la máa sùn ni?" Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí obìnrin náà ti kú.

"Bàbá, ṣé ó dáa?"

"Ó dáa," ló wí, kò sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. "Irin lásán mọ̀ pé ó yẹ kóun sọ̀ kalẹ̀. Èmi, odidi ọgbọ̀n ọdún, mi ò sọ̀ rí."