Ọkọ̀ Ogun Tí Kì Í Kágò

Òótọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ síbí. Bàbá àgbà mi, tó ṣiṣẹ́ rí nínú ọkọ̀ ogun ojú omi, jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa ní Bẹẹrẹ nígbà tí mo tẹjú mọ́ fóònù wọlé láìkágò.

“Olè ni, àbí ọmọ ilé?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ wo ọkọ̀ ogun òde òní. Mo fẹ́ kọ ọ́ nínú àròkọ iléèwé pé ó dára ju tiyín lọ.”

“Ìbọn ńlá rẹ̀ dà?”

“Inú ọkọ̀ ni wọ́n fi àwọn ohun ìjà rẹ̀ pamọ́ sí.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Tiwa a máa na ìbọn síta, kí ọ̀tá lè rí i, kó yí padà. Àgò tiwa nìyẹn.”

Mo gbé ìbéèrè kan lọ bá olùkọ́ mi; òun náà ṣì ń rò ó, àròkọ mi kò sì tíì parí: bí ọkọ̀ ogun kò bá kágò, ìgbà wo ni ọ̀tá yóò ráyè yí padà?