Bẹ́ẹ̀dì Tó Ń Rìn Lórí Yìnyín

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ orin òkú fún Tauno Hyrkäs, Tauno ò tíì kú. Iná ojú pópó ló ń dúró dè.

Ó dùbúlẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní oríta iwájú ilé ìtajà, bó ṣe máa ń dùbúlẹ̀ lé e látìgbà tó ti kàn án: ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ kan nà síwájú, irùngbọ̀n kọjú sí ọ̀run. Yìnyín ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Iná oríta náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iná ìlú Oulu tó máa ń gba ìmọ̀ràn kó tó yí padà. Tauno pa ojú dé díẹ̀. Yìnyín bò ó láti bàtà dé irùngbọ̀n. Iná di àwọ̀ ewé, ó tún di pupa, Tauno ò mọ̀. Oorun ti gbé e lọ.

Àwọn ará Oulu kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Bí ilé rẹ bá ń jó, wọ́n á dúró kí ìwọ kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nítorí náà, wọ́n kàn yí i ká lórí kẹ̀kẹ́ tiwọn ni, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, láìsọ nǹkan kan.

"Ó jọ pé ó ti lọ," obìnrin kan wí nígbà tó pẹ́.

"Ó jọ bẹ́ẹ̀," ọkùnrin kan dá a lóhùn.

Ní Oulu, àròyé nìyẹn.

Pásítọ̀ Kyösti Rahko gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé, ó ṣí fìlà, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin ìsìnkú. Àwọn yòókù gbè é. Wọ́n ti wọ ẹsẹ kejì kí òkú tó la ojú kan.

"Pásítọ̀," ni Tauno wí, "ẹ gbé ohùn yẹn wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa pa mí."

Iná di àwọ̀ ewé. Òkú náà tẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń lọ, yìnyín ń gbọ̀n dànù lára rẹ̀. Ẹsẹ kẹta ò rẹ́ni kọ ọ́.

Saimi, ìyàwó rẹ̀, ti gbọ́ kí ọkọ rẹ̀ tó délé. Kò rẹ́rìn-ín. Saimi kì í rẹ́rìn-ín láìjẹ́ pé ó ti wo ọ̀rọ̀ náà níwájú lẹ́yìn bí ẹni ń wo ẹja lọ́jà.

"Wọ́n ní wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sin ọ́ tán."

"Wọ́n gbìyànjú," Tauno wí, ó ń gbọn irùngbọ̀n sínú ààrò. "Orin ni wọn ò mọ̀."

Bí a bá ní ká wá ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́rùn ẹ̀, dókítà ni. Nígbà tí Tauno fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kíkàn, ẹ̀yìn tó fi tì yẹn náà ló dìde sí i. Kò lè tẹ̀ mọ́, kò lè nà mọ́. Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó ní:

"Bàbá, ẹ má kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yín títí yìnyín á fi yọ́."

"Bẹ́ẹ̀dì wo?"

"Èyíkéyìí, Bàbá."

Tauno mi orí. Inú dókítà dùn pé òun rí aláìsàn tó ń gbọ́ràn. Kò mọ̀ pé irú àwọn tó ń gbọ́ràn délẹ̀délẹ̀ báyẹn ló ń ba ayé jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Saimi gbọ́ ìró ayùn irin láti inú ahéré ẹ̀yìn ilé. Ó jáde lọ. Bẹ́ẹ̀dì onírin tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó ló wà nílẹ̀ yẹn, ó ti di ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, orí lọ́tọ̀.

"Bàbá yìí, kí lo ń fi bẹ́ẹ̀dì wa ṣe?"

"Ohun tí dókítà ní kí n ṣe."

"Ó ní kí o sùn sórí ẹ̀!"

"Ó ní kí n má kúrò lórí ẹ̀. Kò sọ pé kí bẹ́ẹ̀dì má kúrò nílé."

Bó ṣe di kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Ó fi irin bẹ́ẹ̀dì ṣe egungun rẹ̀, ó fi sípíríńgì rẹ̀ ṣe ibi àfẹ̀yìntì, ó gbé ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lọ síwájú, ó sì wọ táyà oníṣó fún un kó lè rí omi dídì dì mú. Lọ́sẹ̀ yẹn ló pàdé dókítà lórí afárá. Bẹ́ẹ̀dì bàbá ń sáré ju kẹ̀kẹ́ dókítà lọ.

"Dókítà!" ló kígbe bó ṣe ń kọjá lọ nísàlẹ̀ orúnkún rẹ̀. "Mi ò tíì kúrò lórí ẹ̀ o!"

Ẹni tó bá ń gun ohun tó rẹlẹ̀ báyẹn, òtútù nìkan kọ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Reijo Määttä ló ń wa katakata tó ń gbọ́n yìnyín kúrò lójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kanlẹ̀kùn, ojú rẹ̀ funfun bí ohun tó ń gbọ́n.

"Màmá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́n ọkọ yín mọ́ yìnyín lónìí. Mo rò pé ẹ̀ka igi ni."

"Kì í ṣe ìwọ nìkan lo rò bẹ́ẹ̀," Saimi wí. "Gbé kọfí mu."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n fi nǹkan pupa tó ga sára kẹ̀kẹ́ yẹn."

Tauno fi ọ̀pá ìpẹja ṣe gíga. Pupa ni Saimi ò tètè mọ ibi tó ti rí. Ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló rí i tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú òun lójú títì: yẹ̀rì pupa tirẹ̀, èyí tó ní léèsì nísàlẹ̀. Ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ ń wo ilẹ̀. Ní Oulu, bí wọ́n bá wo ilẹ̀ nígbà tí o wọlé, wọ́n ti rí yẹ̀rì rẹ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò pa Saimi lẹ́rìn-ín rárá. Päivikki, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé ní Helsinki, olú ìlú orílẹ̀-èdè wọn. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, ó ti mú àwọn òbí rẹ̀ jókòó. Ilé etídò yìí tóbi jù, igi ìdáná pọ̀ láti là, ẹ̀yìn Bàbá ò dára. "Ọjọ́ tí Bàbá bá ṣubú, ẹ ó kó wá sọ́dọ̀ mi. Ṣé a gbà bẹ́ẹ̀, Màmá?" Saimi gbà. Saimi kì í sì í yẹ àdéhùn, kì í purọ́. Kò tíì yin kọfí aládùúgbò rí, nítorí kọfí náà kì í dùn. Etídò yẹn ni wọ́n bí i sí. Ní Helsinki, ilé alájà ni, omi inú rẹ̀ kò ju ti ẹnu ẹ̀rọ lọ.

Nítorí náà, ojoojúmọ́ tí Tauno bá fẹ́ jáde, Saimi á bú u dójú ẹnu ọ̀nà.

"Máa lọ. Lọ ṣubú, kí n lè máa fi ojú fèrèsé wo òrùlé ará Helsinki."

"Ẹni tó ti wà nílẹ̀ ò bẹ̀rù ìṣubú," Tauno á wí, á sì nà gbalaja.

Lẹ́yìn náà, Saimi á lọ dúró ní fèrèsé ilé ìdáná, á máa fọ ife kan ṣoṣo títí á fi padà dé.

Fèrèsé yẹn ló wà nínú oṣù Kẹta tí ohun tó ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Oòrùn ti yọ́ yìnyín ìdàgẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn ilé, òtútù sì ti tún un dì bíi gíláàsì. Tauno bọ̀, kẹ̀kẹ́ yọ̀, ó fì sọ́tùn-ún, ó rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú òkìtì yìnyín bí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀. Nígbà tí Saimi fi máa dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ṣì ń tẹ̀.

"O ṣubú," Saimi wí.

"Mi ò ṣubú. Bí mo ṣe wà náà ni mo wà. Ọ̀run ló yí."

"Tauno. Mo rí i."

Ẹsẹ̀ Tauno ṣíwọ́ títẹ̀. Ó mọ irú ẹni tó fẹ́. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i, Saimi fà á dìde, wọ́n sì wọlé.

Nígbà ọdún Àjíǹde, Päivikki dé. Wọ́n jókòó ti mämmi, ẹ̀kọ dúdú kan tí wọ́n fi ń ṣọdún, wọ́n da wàrà lé e.

"Màmá," Päivikki wí, "ẹ̀yin ni mo ń bi, kì í ṣe Bàbá. Ṣé Bàbá ṣubú?"

Tauno kò gbé ṣíbí rẹ̀ mọ́. Saimi gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ọ̀rọ̀ náà níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. Odò ń dún lábẹ́ omi dídì níta.

"Kí ènìyàn tó lè ṣubú," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró. Bàbá rẹ ò dúró rí ní gbogbo ìgbà òtútù yìí. Ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, lọ́jọ́ kan ó sì dùbúlẹ̀ ní ìhà ọ̀tún. Ohun tí mo rí nìyẹn."

Mämmi há Tauno lọ́fun.

Päivikki wo ìyá rẹ̀ títí. "Màmá, ìhà ọ̀tún?"

"Ìhà ọ̀tún. Ó sì dìde."

Ọmọ náà fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì, wọn ò tètè mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Nígbà tó yá, ó ní, "Igi ìdáná yẹn, ẹ jẹ́ kí n wá máa bá yín là á nígbà ìwọ́wé."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Tauno, tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, lọ fọ gbogbo abọ́. Ó fọ́ méjì. Saimi kò bú u.

Ó gun bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ la ìgbà òtútù mélòó kan sí i já. Ó kú lórí bẹ́ẹ̀dì inú ilé, èyí tí kò ní táyà, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí omi dídì ń fọ́ lórí odò. Päivikki wá fún ìsìnkú. Kò mẹ́nu kan Helsinki. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, ó sì bèèrè ibi tí àáké wà.

Nígbà tí yìnyín tún dé, ó ra ohun tí wọ́n fi ń mọ bí òtútù ṣe tó, ó kàn án mọ́ fèrèsé ilé ìdáná.

"Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ò ní irú ẹ̀ látijọ́ yìí, Màmá."

Saimi ò nílò ẹ̀ rí ni. Láti ọdún Àjíǹde yẹn, kò dìde lọ bú ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́: láti orí ìrọ̀rí rẹ̀, bí Tauno bá ti ń jáde láàárọ̀, ó ti mọ bí òtútù ṣe tó. Bí òtútù bá mọ níwọ̀n, táyà á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí yìnyín. Bó bá le, á máa ké bíi bàtà tuntun. Bó bá wá le débi tí imú ń dì, á máa payín keke láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìsàlẹ̀ ìdàgẹ̀rẹ̀, Saimi á sì fa aṣọ bo orí, á ní, "Wèrè ni ọkùnrin yìí," á tún padà sùn.

Ní báyìí, ó ní láti dìde, kó wọ bàtà, kó sún mọ́ gíláàsì, kó wò ó bíi gbogbo ènìyàn.