Igun Mẹ́rin Káàdì Bàbá Mi

Nínú káàdì yẹn, bàbá mi kò tíì balẹ̀. Wọ́n ti fò sókè, apá wọn méjèèjì nà síwájú, bọ́ọ̀lù kù díẹ̀ kó kan ìka wọn, koríko pápá sì wà nísàlẹ̀ níbi tí wọn kò tíì dé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń tẹjú mọ́ ọn títí ojú mi á fi máa ṣe bàìbàì. Mo gbà pé bí mo bá lè pẹ́ tó láìṣẹ́jú, màá rí i bí wọ́n ṣe mú bọ́ọ̀lù náà. Bí mo bá bi wọ́n bóyá wọ́n mú un lóòótọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n ṣáà máa wò ó lọ.

Aṣọ́lé ni wọ́n, fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí mi. Ní àkókò wọn, ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan tẹ àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù sórí káàdì kékeré, ó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú pákẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ jẹ bísíkíìtì tán, wọ́n ju káàdì nù. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì náà ti di ìtàn, pápá tí bàbá mi ti ń fò ti di àdúgbò tí àwọn èèyàn ń sá aṣọ sí. Bí ẹ bá wá orúkọ wọn lórí fóònù, onítáyà kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni ẹ óò rí. Ohun tó dùn mí jù lẹ́yìn ikú wọn nìyẹn, pé ẹni tó fò tó bẹ́ẹ̀ yẹn lọ, kò sì síbì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Èmi náà ń kó káàdì agbábọ́ọ̀lù jọ. Inú ẹ́sítéètì kan ní Ìkòròdú ni mò ń gbé. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ọ́fíìsì ní Èkó ló ni mí, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi ni mo ni ara mi. Àwa tí a ń kó káàdì jọ máa ń pàdé nínú yàrá kan lórí òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú níbẹ̀. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀, èmi náà sì ni wọ́n ń bẹ̀rù jù, nítorí pé èmi ni mo mọ òfin.

Òfin náà kò ṣòro. Ilé iṣẹ́ kan wà lókè òkun tí wọ́n máa ń yẹ káàdì wò, tí wọ́n á sì fún un ní máàkì. Wọ́n á wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá wọ́n mú, wọ́n á wo etí rẹ̀ bóyá ó gún, wọ́n á wo ojú rẹ̀ bóyá nǹkan ti ha á, wọ́n á sì wò ó bóyá àwòrán náà wà ní àárín gbùngbùn. Máàkì mẹ́wàá ni èyí tó dára jù. Lẹ́yìn náà wọ́n á dé e mọ́ inú ike líle, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà á sì wọ inú rẹ́jísítà tí gbogbo ayé lè ṣí wò. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti tún káàdì náà ṣe, bí ó fọ̀ ọ́, bí ó kùn ún, bí ó gé e, kò sí máàkì. Mo ti mú kí àgbà ọkùnrin làágùn ní Lásunwọ̀n nítorí pé ó fi áńkáṣíìfù tútù nu káàdì. Mo ní kó lọ máa nu abọ́ nílé rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí káàdì bàbá mi wọ inú rẹ́jísítà yẹn. Títí di òní, a ò rí ẹlòmíràn tó tún ní irú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá wá wọn rí wọn, pẹ̀lú máàkì tó yẹ wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ ìyá mi láti gba káàdì náà. Kùrukùru ṣì bo ilẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wa kọjá Ìtòìkín, ọ̀nà náà dákẹ́ rọ́rọ́, ó sì dà bíi pé kì í ṣe èmi ni mò ń lọ, pé ilẹ̀ ló ń kọjá lábẹ́ mi. Aránṣọ ni ìyá mi. Àwọn baba ńlá wọn wà lára àwọn tó bá ọba wọn sọdá ọ̀sà wá láti Èkó, nínú ilé ẹbí náà ni wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sí títí di òní. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n mú káàdì náà jáde nínú ègé aṣọ funfun kan.

Mo fi awò mi wò ó. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú bí ẹni pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Etí rẹ̀ gún, kò hó, kò ya. Ọkàn mi fò. Rúlà wà nínú báàgì mi, rúlà tí mo fi ń wọn káàdì gbogbo ayé kí n tó gba nǹkan kan gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò yọ ọ́. Ta ló ń fi rúlà wọn bàbá rẹ̀?

Ìyá mi bi mí bóyá màá dá wọn padà. Bí wọ́n ṣe ń pe káàdì náà nìyẹn, “wọn”. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá ti kọ wọ́n sínú ìwé rẹ́jísítà tán. Ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ìpè ìrun dún láti mọ́ṣáláṣí, èmi náà sì ń kánjú. Nínú ọkọ̀ tí mò ń bá padà, oorun gbé mi lọ. Mo rí bàbá mi tí wọ́n balẹ̀ sórí koríko wẹ́rẹ́, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n sì ń bi mí pé níbo ni àwọn yóò ti buwọ́ lùwé.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wa tó ń lọ sókè òkun bá mi mú káàdì náà lọ. Oṣù mélòó kan kọjá, mo sì ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń lọ jókòó sí etí ọ̀sà ní Ìjẹ̀dẹ́, màá máa wo àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú ìmọ́lẹ̀, màá máa ronú pé máàkì mẹ́jọ ni wọ́n máa fún bàbá mi. Bí ọ̀sà bá dákẹ́ jù, màá sọ ọ́ di mẹ́sàn-án.

Gàréèjì Ìkòròdú ni mo wà, mò ń ra ẹ̀pà, nígbà tí èsì dé sórí fóònù mi. Káàdì gidi ni, wọ́n ní. Wọ́n ti gé etí rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kò sí máàkì. Ẹlẹ́pà ń nawọ́ ẹ̀pà sí mi, mi ò gbà á. Igun tó mú yẹn, etí tó gún yẹn, sísọ́ọ̀sì ló ṣe é, sísọ́ọ̀sì ẹni tó mọ aṣọ gé. Èmi tí mo ń fi òfin pá àwọn ẹlòmíràn láyà ni mi ò mọ̀.

Ọjọ́ tí káàdì náà padà dé nínú ike tí wọn kò kọ máàkì sí ni mo gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, tòun ti rúlà. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá ni mo ṣe wọlé tọ ìyá mi. Mo gbé ike náà ka orí tábìlì ìránṣọ wọn, mo fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Màmá, ta ló gé e?”

Wọ́n ní àwọn ni. Mo wá sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ sọ. Mo ní wọ́n ti ba ohun kan ṣoṣo tó kù nínú bàbá mi jẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì mú báàgì kékeré kan jáde, irú èyí tí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà máa ń gbé kọ́rùn, tó ní àpò ọ̀rá tí wọ́n ń ki káàdì ìdánimọ̀ bọ̀.

Mo mọ̀ pé orúkọ bàbá mi ti jáde láti lọ sí Hájì ní ọdún tí wọ́n kú. Mo mọ̀ pé ní ọdún kejì, ìyá mi lọ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìyókù.

“Bàbá rẹ ti gba abẹ́rẹ́ Hájì tán, aṣọ funfun wọn wà lọ́wọ́ mi, mo ti rán etí ẹ̀,” ni ìyá mi wí. “Nígbà tó wá kàn mí, mo ní mi ò ní dá lọ. Àpò yìí ló kéré fún wọn. Mo gé díẹ̀ níbí, mo gé díẹ̀ lọ́hùn-ún. Mi ò kan ara wọn, mi ò kan bọ́ọ̀lù wọn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi rán aṣọ fún wọn, mo mọ ibi tí ara wọn dé.”

Wọ́n mú ike náà lórí tábìlì, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

“Nígbà tí a ń yí Káábà po, mo kọ ojú wọn síta kí wọ́n lè rí i.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí n dìde, kí n má fi eruku ilẹ̀ ba búbà mi jẹ́. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, a sì jọ ń wo bàbá mi tí wọ́n ṣì wà lófuurufú. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ìyá mi yíjú sí mi.

“Ìwé tó o ní ẹ ń kọ wọ́n sí yẹn, ṣé wọ́n fi Alhaji síwájú orúkọ wọn?”

Mo wò wọ́n. Wọ́n ní àwọn náà mọ̀ pé àwòrán kì í lọ sí Hájì, kí n má ṣe lọ sọ ọ́ fún Lèmọ́mù.

Nínú rẹ́jísítà náà, káàdì tí wọ́n gé lè wọlé, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá ni ipò rẹ̀, kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni du nǹkan kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú káàdì kan wá ni wọ́n sì ń fún láyè láti kọ orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Mo yọ fóònù mi níbi tí a jókòó sí. Níbi máàkì, òfìfo ni wọ́n fi sílẹ̀. Níbi orúkọ, mo kọ Alhaji, mo wá kọ orúkọ bàbá mi ní kíkún, mo sì kà á sókè fún ìyá mi.

Wọ́n ní kí n tún un kà.