Ọkọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Dọ̀bálẹ̀ Nínú Rẹ̀

Ta ló ní káfíńtà ò lè di atukọ̀? Ẹ lọ bi Kàsúmù ará Ẹdẹ. Nígbà tí gbogbo wa ṣì ń jẹ́ ará ìpínlẹ̀ Oǹdó, òun ló ń kan àga àti ilẹ̀kùn fún ìdajì Ìjerò. Etí odò Ọ̀ṣun ni wọ́n bí i sí, ó sì mọ omi bí ẹni mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀. Àwa ńkọ́? Òkè la mọ̀ ní tiwa. Bí omi bá ti ju orúnkún lọ, a ti ń ké pe Olúwa.

Kòtò ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn awakùsà ti wa ilẹ̀ títí tó fi sú wọn. Nígbà tí wọ́n kẹ́rù lọ, òjò ń rọ̀ sí i lọ́dọọdún, ó di adágún. Ẹ wá wo ògiri òkúta tó yí i ká! Ibì kan funfun bí ẹfun, ibì kan pọ́n bí osùn, ibì kan dúdú, ibì kan sì ń dán yinrinyinrin bí oòrùn bá tàn sí i. Àmọ́ èèyàn ò lè rí i dáadáa láti òkè, àfi kó wà lójú omi. Ni Kàsúmù bá kan ọkọ̀, ó fi ọ̀dà dí gbogbo ojú ihò rẹ̀, ó ní kí àwọn èèyàn wá wòran.

Bí eré bí eré, ó di àṣà. Ní Mọ́ńdè Ọdún Àjíǹde, tí àwọn ìjọ máa ń jáde lọ ṣe fàájì tí wọ́n ń pè ní Gálílì, etí adágún á di bóò lọ o yà fún mi. Ìmàle ló ń fi ọkọ̀ gbé àwọn Kìrìsìtẹ́nì kiri, kò sì sẹ́ni tó bínú.

Òfin kan ṣoṣo ni Kàsúmù ṣe. "Ẹ má dìde, ẹ má kúnlẹ̀, ẹ má dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí àgbà, kó fẹnu kí i." Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n òfin yẹn nídìí. Rótìmí télọ̀ ló bá ìyá ìyàwó rẹ̀ pàdé nínú ọkọ̀ lọ́dún kan, ó ní òun á kí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó na gbalaja. Háà! Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Rótìmí, ìyá ìyàwó, àti abọ́ ìrẹsì, inú omi ni gbogbo wọn bára wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé etí bèbè ni.

Felicia, ọmọ Bàbá Ẹ̀yínadé, ni Kàsúmù fẹ́ fi ṣaya. Alàgbà ìjọ ni bàbá náà, àgbẹ̀ paraku sì ni, kò fẹ́ gbọ́. "Àjèjì tó ń gbé orí omi! Bó bá gbé ọmọ mi lọ, níbo ni n ó wá a sí?" Gbogbo ìgbà tí Kàsúmù bá lọ dọ̀bálẹ̀ fún un nílé, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sọ: "Dìde, ilẹ̀ tutù." Á gbé àdá, ó doko.

Nígbà tó di ọjọ́ Gálílì lọ́dún kan, bàbá ṣàdédé yọ, ó ní òun náà á wọkọ̀. Felicia tẹ̀ lé e, ó sì yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún Kàsúmù, tó máa ń fi oríkì pè: "Àlàó, ọkùnrin ará Ọ̀wọ̀ kan ń bọ̀ wá tọrọ mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí bàbá ò bá gbà fún ọ lónìí, ó parí."

Kàsúmù ń tukọ̀ lọ. Bàbá di etí ọkọ̀ mú bí ẹni di ewúrẹ́ mú. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ ògiri pupa, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. "Yéè! Gbogbo ẹwà yìí wà lẹ́yìn oko mi!" Ó rẹ́rìn-ín, ó wo òkè, ó wo ọmọ rẹ̀. Láàárín adágún gan-an, níbi tó jìn jù, ó yíjú padà.

"Kàsúmù, mo fún ọ ní Felicia."

Èkùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà, ìdọ̀bálẹ̀ sì ni èsì ọ̀rọ̀ yìí níbi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá. Àyà Kàsúmù ti ń tẹ̀ síwájú kó tó rántí. Bí kò bá dọ̀bálẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Bó bá dọ̀bálẹ̀, àna rẹ̀ ò mọ̀wẹ̀. Ó padà jókòó, ó fẹnu dúpẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń tukọ̀ lọ. Ojú bàbá le koko. Ó tún di etí ọkọ̀ mú títí wọ́n fi gúnlẹ̀, Felicia sì rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ó ti ń sunkún.

Bí ọkọ̀ ṣe kan ilẹ̀, Kàsúmù bẹ́ sínú ẹrẹ̀, ó fa ọkọ̀ gòkè, ó di bàbá mú títí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na gbalaja sínú ẹrẹ̀ náà, tòun ti aṣọ ọdún.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Kàsúmù, bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ọkàn mi já. Mo ní, mo gbé! Ọmọ yìí á dọ̀bálẹ̀ pa mí lónìí!" Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn.

"Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ tutù."