Ẹni Tó Wà Lórí Àkàbà Ló Lorin

Ẹ má tàn mí, orin pọ́ọ̀pù tí wọ́n ń gbé jáde lásìkò yìí kò tó nǹkan. Mo gbọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nínú àkọ́kọ́, ọmọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń sùn ní yàrá kejì. Ìkejì kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kí n tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó ti parí. Ìkẹta, wọ́n fi gìtá sí i lóòótọ́, àmọ́ ẹ máa tan iná wá a kí ẹ tó gbọ́ ọ. Rọ́ọ̀kì ni tèmi. Kí ìlù máa dún bí ìgbà tí yìnyín ń bọ́ sórí páànù, kí gìtá máa ké, kí ẹni tó ń kọrin kọ ọ́ bíi pé ilé ń jó. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó di etí.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń di etí. Òun la jọ ń kun ilé láti ọdún méjìdínlógún. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ibi tá a ti rí orúkọ yẹn fún un nìyẹn. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, ó ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi nínú ohun gbogbo, àfi orin. Pọ́ọ̀pù nìkan ló mọ̀. Ọmọbìnrin olóhùn tínínrín kan wà tó ń tẹ̀ lé. Tọ́mọ yẹn bá húkọ́ lásán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ á ní àwo tuntun ti jáde.

Sípíkà kan ṣoṣo la ní, gbogbo ara rẹ̀ ló ti di ọ̀dà. Kí ìjà má baà tú wa ká la ṣe ṣòfin lọ́dún tá a bẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá wà lórí àkàbà ló lorin. Ẹni tó wà nísàlẹ̀, tó ń po ọ̀dà, tó ń kun etí fèrèsé, kó gba kámú. Òun lónìí, èmi lọ́la. Mo mọ àwọn akunlé tó ń bára wọn jà torí pé wọn ò fẹ́ gun àkàbà. Àwa, torí ká lè gùn ún la fi ń jà.

Ẹ ò wá rí i pé ọ̀rọ̀ orúnkún mi dùn mí dọ́kàn. Ó ti ń ké látọdún tó kọjá bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Dókítà tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní eegun ibẹ̀ ti jẹ: kí n máa rìn, kí n máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àkàbà ti parí fún mi. Parí kẹ̀? Ìyàwó mi ní ká sọ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Mo ní tó bá dán an wò, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wà nínú ilé yẹn. Ó wò mí títí, ó ní òun ò rí ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ra orin rí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ìsàlẹ̀ ni n ó wà títí n ó fi fẹ̀yìn tì, tí ọmọ olóhùn tínínrín yẹn á máa kọrin lé mi lórí.

Ìgbà tó sì burú jù ló bọ́ sí. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan tí mo fẹ́ràn jù nídìí rọ́ọ̀kì, tí wọn ò gbé nǹkan kan jáde fún ọdún márùn-ún, gbé àwo tuntun jáde ní Fúráìdè. Orin mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ. Mo ń tọ́jú ẹ̀ de Mọ́ńdè, nítorí Mọ́ńdè la máa bẹ̀rẹ̀ àjà gbọ̀ngàn ilé ìwé kan táwọn ọmọ ti gba ọlidé. Àjà gíga, yàrá òfìfo, ohùn á máa ró. Èmi ló sì kàn láti gòkè.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo fi báńdéèjì di orúnkún lábẹ́ ṣòkòtò, mo fi oògùn ìpara pa á débi pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń béèrè ohun tó ń rùn. Mo ní ọ̀dà ni. Mo gbé sípíkà sórí àga, mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo gòkè. Ipele kìíní, kò burú. Ìkejì, mo rọra mí. Ní ìkẹta, orúnkún daṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò lè gòkè, mi ò lè sọ̀. Mo bá tẹjú mọ́ ògiri bí ẹni tó ń kàwé.

Ó bi mí ohun tí mò ń wò. Mo ní ògiri ti sán. Ó wá wò ó, ó ní ògiri ò sán. Ìgbà yẹn ló rí ẹsẹ̀ mi tó ń gbọ̀n. Ó gbá mi mú ní ìbàdí, ó sọ̀ mí kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi mí jókòó sórí garawa. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀: dókítà, báńdéèjì, ìpara. Inú bí i gan-an. Ó ní tí mo bá já ńkọ́, kí lòun ó lọ bá ìyàwó mi sọ? Mo bẹ̀ ẹ́. Ojú tì mí, ká má parọ́.

Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó gòkè lọ, ó dúró síbẹ̀. Mo mú fóònù, mo ń wá ọmọ olóhùn tínínrín rẹ̀.

"Kí lẹ ń wá?" ó bi mí.

"Orin ẹ ni. Ìwọ lo wà lókè."

"Èmi ni mo lorin, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ gbé ariwo yín yẹn sí i jàre."

Mo gbé e sí i kó tó yí ọkàn padà. Àkọ́kọ́ wọlé, fèrèsé ń gbọ̀n. Ìkejì fi hàn pé onílù wọn ò tíì dàgbà rárá. Ìkẹta, kí n sòótọ́, wọ́n fà á jù. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n kọ gbólóhùn kan, a ti gbọ́ nígbà ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nínú ìkẹrin, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gìtá sílẹ̀ tán: ohùn kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù bá rọra gbè é, irun apá mi dìde. Láti ìkarùn-ún, wọ́n padà sídìí ìyà tí wọ́n ń fi jẹ ìlù. Mò ń po ọ̀dà sí i, bàtà mi di funfun, ayé mi dùn. Mo gbójú sókè, ojú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ le bí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn kíkorò. Ó ń kun àjà lọ títí ìkẹsàn-án fi parí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wá ní, "mẹ́jọ nínú wọn, ìkòkò ló ń já lulẹ̀."

Mo la ẹnu láti bá a jà.

"Ṣùgbọ́n ìkẹrin yẹn, ẹ tún un gbé sí i."

Ọdún méjìdínlógún! Mo tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ti gbá àkàbà mú, mo ti fẹsẹ̀ lé ipele kìíní láti lọ dì mọ́ ọn lókè níbẹ̀, kó tó pariwo mọ́ mi pé kí n sọ̀ kalẹ̀.