Orúkọ Tí Bàbá Àgbà Ń Dáhùn

Òórùn epo ọkọ̀ àti iyọ̀ òkun ni ó máa ń pàdé mi ní Liverpool Road ní Àpápá láàárọ̀ kùtù, nígbà tí mo bá ń sáré láàárín àwọn tírélà tí wọ́n tò de èbúté. Àwọn awakọ̀ tí ń run pákò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà a máa pariwo pé, "Làmídì, run am! Police dey your back!" Làmídì ni orúkọ ìdílé wa, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ni a ń lọ ní Ajégúnlẹ̀. Kò sí ọjọ́ ìsinmi kan tí àwọn akọrin ẹlẹgbẹ́ mi kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Àlùfáà Làmídì, ṣé ẹ ti kírun tán, kí á bẹ̀rẹ̀ orin?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, kóòṣì wa gbé fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lé mi lọ́wọ́ pé kí n wá sáré fún ìpínlẹ̀. "Fara balẹ̀ kọ ọ́," ni ó wí. "Orúkọ tí o bá kọ ni wọn yóò máa pè títí o ó fi bọ́ bàtà eré ìje sílẹ̀. Wọn kì í sì í gba fọ́ọ̀mù tí a bá fa igi sí nínú." Mo rò ó fún ọjọ́ méjì. Mo mọ̀ pé ní Ìjẹ̀bú, níbi tí bàbá àgbà ti wá, Odùbánjọ ni wọ́n ń pe agboolé wa. Mo kọ Odùbánjọ, mo sì lọ fi han ìyá àgbà ní Marine Beach, bí ẹni tí ó gba ilẹ̀ baba rẹ̀ padà.

Ìyá àgbà ń ṣa egungun ẹja. Ó wo fọ́ọ̀mù náà, ó sì lọ fọ ọwọ́.

"Ta ni o bi léèrè kí o tó kọ ọ́?"

Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí bàbá àgbà dé Àpápá, olórí àwọn alábàárù a máa dúró lẹ́nu géètì èbúté láàárọ̀, a máa pe orúkọ inú káàdì iṣẹ́ wọn, ẹni tí ó bá dáhùn "Sà!" ni yóò wọlé ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni bàbá àgbà fi dúró níbẹ̀ láìní káàdì. Alábàárù kan tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ni ó ń bọ́ ọ. Làmídì ni orúkọ ọkùnrin náà. Kò láya, kò bímọ. Lọ́jọ́ kan, àpò kòkó já lu ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò sì tọ́ mọ́. Ó mú káàdì rẹ̀ fún bàbá àgbà: "Bí wọ́n bá pè mí, ìwọ ni kí o dáhùn. Kí orúkọ mi ṣáà máa wọlé." Bàbá àgbà tọ́jú Làmídì títí ọkùnrin náà fi kú. Nígbà tí bàbá àgbà wá bí bàbá mi, Làmídì náà ni ó kọ sílẹ̀ fún un.

"Mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn Odùbánjọ ni mo ti jogún eré sísá," ni mo wí.

"Bàbá àgbà rẹ tí kò lè lé adìyẹ mú? Làmídì ni ó máa ń ru àpò sáré gun pákó tí wọ́n fi ń wọ inú ọkọ̀ ojú omi."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sí lára mi, mà."

"Oúnjẹ rẹ̀ ńkọ́?"

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi wo ilé lóòótọ́, ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo wò. Mo fa igi lé Odùbánjọ, mo kọ Làmídì sókè rẹ̀. Kóòṣì wò ó, ó mi orí. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù náà padà, ọdún kan sì fò mí. Lọ́dún kejì, nígbà tí wọ́n pe Làmídì lórí pápá, kí n tó nawọ́, ohùn ìyá àgbà ti ta láti àárín èrò: "Sà!" Ipò kẹta ni mo ṣe.

Ó ti pẹ́ tí mo ti bọ́ bàtà náà. Ìyá àgbà ti lọ sinmi. Ní báyìí, lẹ́yìn iṣẹ́, mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àṣálẹ́, níbi tí olùkọ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí ti ń pe orúkọ wa kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù a máa dáhùn wúyẹ́wúyẹ́. Bí ó bá kan Làmídì, mo máa ń nà ró, mo sì máa ń dáhùn bí ẹni pé géètì wà níwájú mi, tí ẹnìkan tí ẹsẹ̀ ń dùn sì wà nílé, tí ó ń retí láti gbọ́ pé orúkọ òun ti wọlé.